Àwọn Òrìṣà Ẹ̀yìn Owó: Àyẹ̀wò Àwòrán Ẹ̀sìn Lára Owó Wúrà Àwọn Ará Róòmù

Àwọn ènìyàn a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ní ayé àwọn Késárì, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá. Kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nígbà náà, kò sì sí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì. Àìmọye ènìyàn tí ó wà lábẹ́ àṣẹ Késárì ni kò fi ojú kàn án rí títí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n owó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, láti ilẹ̀ Bìrìtéènì títí dé ilẹ̀ Síríà. Orí ọba wà ní ojú rẹ̀, òrìṣà ọba sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi gbogbo tí owó bá dé ni ìhìn ọba dé.

Ìtàn tí a sábà máa ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé nípa ẹ̀sìn Róòmù kò lọ́jú pọ̀. A ní abọ̀rìṣà ni àwọn ará Róòmù títí di ọdún 312 lẹ́yìn ìbí Kristi. A ní ní ọdún náà ni Constantine rí àmì ní ojú ọ̀run, tí ó ṣẹ́gun ọ̀tá rẹ̀ ní ibi afárá Milvius, tí ó sì gba ẹ̀sìn Kristi. Láti ìgbà náà ni àwọn òrìṣà ti fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún Olúwa. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí, ẹlẹ́rìí kan wà tí ó yẹ kí a pè, òun náà ni owó wúrà, nítorí pé lábẹ́ àṣẹ ààfin ni ó ti ń jáde, láti ìran dé ìran, fún ohun tí ó ju 700 ọdún lọ. Ẹ̀rí rẹ̀ kò sì bá ìtàn ilé-ìwé mu. Ohun tí ó ń sọ ni pé òrìṣà a máa yí padà lára owó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọba gbé lé òrìṣà lọ́wọ́ kì í tètè yí padà. Ẹni tí ó bá ka àwòrán owó bí ẹni tí ń ka ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ yóò ṣì í kà. Bí ẹni ka májẹ̀mú ni ó yẹ kí a kà á: ta ni ó wà ní ojú owó, ta ni ó wà ní ẹ̀yìn, ta ni nínú àwọn méjèèjì ni ó sì ń ṣiṣẹ́ fún èkejì?

Kí a tó yẹ àwòrán náà wò, ó yẹ kí a mọ ohun tí a yà á sí. Orúkọ owó wúrà náà ní èdè Látìn ni aureus. Kò fẹ̀ ju bọ́tìnnì ẹ̀wù kóòtù lọ. Ìwọ̀n rẹ̀ ní ayé Julius Caesar jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 8. 40 irú rẹ̀ ni wọ́n ń rọ láti inú wúrà tí ó wọn pọ́n-ùn Róòmù kan. Owó fàdákà 25, èyí tí à ń pè ní denarius, ni a fi ń ṣẹ́ ẹyọ kan. Oníṣẹ́ ọnà a gbẹ́ àwòrán sí ara òǹtẹ̀ méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Wọn a gbé pẹlẹbẹ wúrà sí àárín wọn, wọn a sì fi òòlù lù ú. Nípa bẹ́ẹ̀ ni owó kọ̀ọ̀kan fi ní apá méjì tí kò lè rí ara wọn láéláé. Ẹni tí ń wo ọba kò lè rí òrìṣà, àfi bí ó bá yí owó náà padà.

Ọwọ́ ta ni owó yìí sì ń bọ́ sí? Àgbẹ̀ àti aláàárù kì í sábà rí i. Àwọn ọmọ ogun, àwọn ìjòyè àti àwọn oníṣòwò ńlá ni ó ń ná an. Ní ayé Augustus, owó iṣẹ́ ọdún kan fún ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ jẹ́ denarius 225, èyí tí í ṣe aureus 9, tí a ń san ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún. Késárì Domitian ni ó fi ìsan kẹrin kún un, tí ó fi di aureus 12. Kí a fi èyí sọ́kàn bí a ti ń lọ: àwọn tí ó di idà mú ni owó wúrà ń bá sọ̀rọ̀ jù lọ.

Ilé ìrọwó pàápàá kò jìnnà sí ojúbọ. Lórí òkè Capitolium ní ìlú Róòmù, ní ẹ̀bá tẹ́ńpìlì Juno, òrìṣà obìnrin tí wọ́n ń kì ní Moneta, ni wọ́n ti ń rọ owó ní àtijọ́. Láti inú oríkì yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe owó títí di òní. Àwọn tí ń pè é kò mọ̀ mọ́ pé òrìṣà ni àwọn ń dá lórúkọ.

Ní ọdún 46 ṣáájú ìbí Kristi, ọdún tí Julius Caesar ṣe ayẹyẹ ìṣẹ́gun rẹ̀ mẹ́rin ní Róòmù, ìjòyè kan tí ń jẹ́ Aulus Hirtius rọ owó wúrà fún un lọ́pọ̀ yanturu. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ará Róòmù ń fi wúrà rọ owó. Ní ojú owó Hirtius ni orí obìnrin kan wà tí ó fi aṣọ borí. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Vesta ni, òrìṣà iná ìdáná ìlú. Àwọn mìíràn ní Pietas ni, ẹni tí í ṣe ìbọ̀wọ̀ fún òrìṣà àti òbí. Ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni irinṣẹ́ mẹ́ta wà: ọ̀pá tí orí rẹ̀ ká, irú èyí tí àwọn tí ń wo ìfò ẹyẹ láti mọ ìfẹ́ òrìṣà ń mú lọ́wọ́; orù kékeré ọlọ́wọ́ kan tí wọ́n ń lò nídìí ẹbọ; àti àáké tí wọ́n fi ń pa ẹran ẹbọ.

Ẹni tí kò bá wò ó fínnífínní yóò ní owó ẹlẹ́sìn lásán ni. Ṣùgbọ́n láti ọdún 63 ṣáájú ìbí Kristi ni Caesar ti jẹ́ olórí gbogbo àwòrò Róòmù, orúkọ rẹ̀ àti oyè rẹ̀ ni a sì kọ yí orí obìnrin náà ká. Irinṣẹ́ àwòrò wà níbẹ̀, àwòrò kò sí. A fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tí ń wò ó lè fi orúkọ tí ó kà ní ojú owó dí i. Àṣà ìlú kò tíì gbà kí orí alààyè wà lára owó nígbà náà. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni orí Caesar fúnra rẹ̀ yọ lára owó fàdákà, ní ọdún tí wọ́n pa á gan-an. Ẹ̀sìn ni ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn owó fún ọba. Ọba sì wọlé, ó jókòó síwájú.

Ní ọdún 42 ṣáájú ìbí Kristi ni ìgbìmọ̀ àwọn àgbà Róòmù sọ Caesar tí ó ti kú di òrìṣà. Láti ìgbà náà ni Octavian, ọmọ tí ó gbà ṣọmọ, ẹni tí ó wá di Augustus, ti ń jẹ́ ọmọ òrìṣà lára owó. Àkọlé owó Róòmù dàbí oríkì tí a gé kúrú: lẹ́tà kan a dúró fún odidi ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan a dúró fún odidi ìran. DIVI F ni wọ́n ń kọ, lẹ́tà márùn-ún péré, ó sì ti kó baba, ikú rẹ̀, òrìṣà tí ó dà àti ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀ sínú. Gẹ́gẹ́ bí oríkì, kì í ṣe àlàyé. A kò fi bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó gbàgbọ́. A ń pè é ni, kí orí ẹni tí a ń kì lè wú, kí ẹni tí ń gbọ́ sì mọ ààyè rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ka Bíbélì ni ó mọ owó Tiberius láìmọ̀ pé àwọn mọ̀ ọ́n. Késárì yìí jọba láti ọdún 14 sí ọdún 37 lẹ́yìn ìbí Kristi. Ní ojú owó rẹ̀ ni orí rẹ̀ wà, àkọlé rẹ̀ sì sọ pé ọmọ Augustus tí ó di òrìṣà ni í ṣe. Ní ẹ̀yìn ni obìnrin kan jókòó, ó mú ọ̀pá àṣẹ àti ẹ̀ka igi lọ́wọ́, oyè olórí àwòrò sì ni a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwòrán kan náà ni a tẹ̀ sí wúrà àti sí fàdákà. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ti fàdákà yìí ni wọ́n mú wá fún Jésù nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ owó-orí mú un, gẹ́gẹ́ bí Mátíù ti ròyìn rẹ̀ ní orí 22 ìwé rẹ̀. Jésù bi wọ́n léèrè ẹni tí ó ni àwòrán àti àkọlé ara rẹ̀. Wọn kò ṣiyèméjì kí wọ́n tó dárúkọ Késárì.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ìdáhùn yìí. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ obìnrin tí ó jókòó ní ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ òrìṣà tí a ní ó jẹ́ baba fún Késárì. Ojú owó ni wọ́n kà, ibẹ̀ ni wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ sí. Ẹ̀rí ńlá ni èyí ta ko àwọn tí ń sọ pé ọ̀ṣọ́ lásán ni àwòrán owó àti pé kò sí ẹni tí ń wò ó. Wọ́n ń wò ó. Wọ́n sì mọ ẹni tí ó ni ín láàárín àwọn tí a yà sí i.

Bí òrìṣà ẹ̀yìn owó ti ń ṣiṣẹ́ hàn gbangba ní ayé Nero. Ní ọdún 65, àwọn ọlọ́lá kan dìtẹ̀ láti pa á, àṣírí wọn sì tú. Owó wúrà kan wà tí a sábà máa ń so mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí: Jupiter, olórí àwọn òrìṣà Róòmù, jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú ẹdùn àrá lọ́wọ́, a sì kọ ọ́ sí i lára pé òun ni Custos, èyí tí í ṣe olùṣọ́. Ẹ kíyè sí i pé a kò pe Jupiter ní ọba níhìn-ín. Iṣẹ́ ọdẹ ààfin ni a gbé fún un. Ọba wà ní ojú owó, olùṣọ́ rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn, bí ẹ̀ṣọ́ tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn àgbà wa a máa wí fún òrìṣà wọn pé bí kò bá lè gbe àwọn, kí ó ṣe àwọn bí ó ti bá àwọn. Ní ọdún 68, àwọn ọmọ ogun àti ìgbìmọ̀ ìlú kọ Nero sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lé Jupiter kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn Késárì tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ń bá a lọ láti máa gbà á sí ipò olùṣọ́ kan náà.

Késárì kan wà tí ó gbìyànjú láti yí ètò yìí padà, ó sì yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, nítorí pé àṣìṣe rẹ̀ kọ́ni ju àṣeyọrí ẹlòmíràn lọ. Ọmọdékùnrin tí ìtàn ń pè ní Elagabalus ni. Láti ilẹ̀ Síríà ni ó ti wá, ní Emesa, ìlú tí à ń pè ní Homs lónìí. Ìdílé àwòrò ni a bí i sí, òkúta dúdú kan tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ òrìṣà oòrùn ni wọ́n sì ń bọ. Ní ọdún 218 ni àwọn ọmọ ogun fi í jẹ Késárì nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún bíi 14. Ó gbé òkúta náà lọ sí Róòmù, ó kọ́ tẹ́ńpìlì fún un, ó sì fi í ṣe olórí lórí Jupiter.

Owó wúrà tí ó rọ fún òkúta yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣàjèjì jù lọ. Ẹṣin mẹ́rin ń fa kẹ̀kẹ́. Nínú kẹ̀kẹ́ náà ni òkúta wà, orí rẹ̀ ṣóńṣó, àwòrán idì sì wà níwájú rẹ̀. Agboòrùn mẹ́rin yí i ká. Kò sí ẹni tí ń darí ẹṣin. Àkọlé rẹ̀ fi owó náà fún òrìṣà mímọ́, Oòrùn Elagabal. Herodian, tí ó kọ ìtàn ìgbà náà, ròyìn pé nígbà tí wọ́n bá ń gbé òrìṣà yìí jáde, ọba a máa di ìjánu ẹṣin mú, a sì máa fi ẹ̀yìn rìn níwájú kẹ̀kẹ́ kí ojú rẹ̀ má bàa kúrò lára òrìṣà. Oníṣẹ́ ọnà kò ya ọba tí ń fi ẹ̀yìn rìn sí ara owó náà. Ó dàbí ẹni pé ó mọ ohun tí ọba kò mọ̀, pé ọmọ ogun tí ó gba owó yìí yóò fẹ́ rí òrìṣà tí ń sin ọba lọ sí ogun, kò ní fẹ́ rí ọba tí ń sáré níwájú òrìṣà. Ní ọdún 222 ni àwọn ọmọ ogun pa ọmọ náà. Wọ́n dá òkúta padà sí Emesa, Jupiter sì padà sí ẹ̀yìn owó. Kì í ṣe nítorí pé òrìṣà rẹ̀ jẹ́ àjèjì nìkan ni ó fi ṣubú, nítorí Róòmù ti gba òrìṣà àjèjì púpọ̀ rí. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí ó bí wọn nínú ni pé ó gbé òrìṣà kúrò ní ipò ìránṣẹ́.

Ibí yìí ni ó ti yẹ kí a wá wo Constantine. Ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀, Diocletian, fi Jupiter ṣe olùpamọ́ rẹ̀ lára owó wúrà, ó sì bẹ̀rẹ̀ inúnibíni sí àwọn Onígbàgbọ́ ní ọdún 303. Constantine kò tọ ipa Jupiter. Oòrùn tí a kò lè ṣẹ́gun ni ó yàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo oyè tí ó fi fún un: comes ni, èyí tí í ṣe alábàárìn. Olùṣọ́ ti di ọ̀rẹ́. Síbẹ̀ ọ̀rẹ́ ọba náà ni, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí ó fi wà lára owó.

Ní ọdún 313, ọdún kan lẹ́yìn ogun afárá Milvius, ọdún kan náà tí Constantine àti Licinius fi ohùn ṣọ̀kan ní Milan pé kí Onígbàgbọ́ máa sin Ọlọ́run rẹ̀ láìsí ìdíwọ́, wọ́n rọ owó wúrà ńlá kan ní Ticinum, ìlú tí à ń pè ní Pavia ní Ítálì lónìí. Ìwọ̀n rẹ̀ tó ti solidus mẹ́sàn-án. Solidus ni owó wúrà tuntun tí Constantine dá sílẹ̀, tí wọ́n ń rọ 72 láti inú pọ́n-ùn Róòmù kan. Ọ̀kan nínú owó ńlá yìí wà ní Ilé Ìkàwé ti orílẹ̀-èdè Faransé ní Páríìsì. Orí méjì wà ní ojú rẹ̀, wọ́n fara ti ara wọn, wọ́n sì kọjú sí ọ̀nà kan náà. Constantine ni ó wà níwájú pẹ̀lú adé ewé. Oòrùn ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú adé onítànṣán. Ìrísí ojú wọn jọra gidigidi. Lára asà ọba, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́rin ti Oòrùn tún wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ni owó, a óò ní láti sọ pé Constantine kò tíì gbọ́ nípa Kristi ní ọdún tí ó gba àwọn ọmọ ẹ̀yìn Kristi sílẹ̀. Lóòótọ́, lára owó fàdákà ńlá kan tí a rọ ní ọdún 315, àmì orúkọ Kristi yọ lára àṣíborí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì náà kéré tóbẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò wá a kò ní rí i. Lára wúrà, Oòrùn kò lọ títí di nǹkan bí ọdún 325.

Nígbà tí Oòrùn sì lọ, kì í ṣe Kristi ni ó rọ́pò rẹ̀. Owó wúrà tí ó jáde lẹ́yìn náà fi orí ọba hàn, ó gbé ojú sókè. Eusebius, bíṣọ́ọ̀bù Kesaréà, tí ó kọ ìtàn ìgbé-ayé Constantine, rí owó yìí, ó sì kọ ọ́ pé ọba ni a yà bí ẹni tí ń gbàdúrà sí Ọlọ́run. Bíṣọ́ọ̀bù náà kò ṣì í rí. Ojú ọba wà lókè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irú ojú bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ọnà Gíríìkì ti ń fún ère Alexander Ńlá ní ọgọ́rùn-ún mẹ́fà ọdún ṣáájú, nígbà tí kò tíì sí Onígbàgbọ́ kan ní ayé. Àmì akọni tí àwọn òrìṣà fẹ́ràn ni. Àwọn kan nínú owó yìí kò sì ní àkọlé kankan ní ojú wọn. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọgbọ́n iṣẹ́ ọnà náà wà. Onígbàgbọ́ wò ó, ó rí àdúrà; abọ̀rìṣà wò ó, ó rí Alexander; ọmọ ogun wò ó, ó rí ẹni tí ń san owó fún un. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé a purọ́ fún òun. Ìtàn ilé-ìwé ti gba ti Eusebius nìkan, ó sì fi ìyókù sílẹ̀.

Lẹ́yìn Constantine, ẹ̀sìn Kristi di ẹ̀sìn ìjọba, ṣùgbọ́n òrìṣà kan kò kúrò lára owó: Victoria, òrìṣà ìṣẹ́gun, obìnrin oníyẹ̀ẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 420, ní ayé Theodosius Kejì, a fi àgbélébùú gígùn kan lé e lọ́wọ́. Ìyẹ́ rẹ̀ kò yí padà, aṣọ rẹ̀ kò yí padà, iṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà. Ohun tí ó mú lọ́wọ́ nìkan ni ó yí padà. Ó tó 100 ọdún sí i, ní ayé Justin Kìn-ín-ní, kí obìnrin náà tó di ọkùnrin, tí ó sì fi di áńgẹ́lì. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Ẹni tí ó bá ń wá ọjọ́ kan pàtó tí Róòmù kọ òrìṣà sílẹ̀ kò ní rí i lára owó wúrà. Ohun tí yóò rí ni ìránṣẹ́ kan tí ó ń pààrọ̀ aṣọ díẹ̀díẹ̀ ní ẹnu iṣẹ́ kan náà, ní ẹ̀yìn ọba kan náà.

Ìyípadà gidi dé ní nǹkan bí ọdún 692, ní Constantinople, níbi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń pe ara wọn ní ará Róòmù síbẹ̀. Justinian Kejì ni ọba tí ó ṣe é. Ó gbé orí ara rẹ̀ kúrò ní ojú owó, ó sì fi ti Kristi síbẹ̀: ó kọjú sí wa gbangba, irun rẹ̀ gùn, ó ní irùngbọ̀n, àgbélébùú wà lẹ́yìn orí rẹ̀, ìwé Ìhìnrere wà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì kọ ọ́ yí i ká pé Ọba àwọn tí ń jọba ni. Nígbà tí a bá yí owó náà padà ni a tó rí Justinian, ó dúró, ó di àgbélébùú mú, àkọlé rẹ̀ sì pè é ní ìránṣẹ́ Kristi. Láti ayé Augustus títí di ìgbà náà, ojú owó jẹ́ ti ọba àti àwọn ará ilé rẹ̀, ẹ̀yìn sì ni àyè àwọn tí ń sìn ín. Justinian lọ dúró ní àyè tí Jupiter dúró, tí Oòrùn dúró, tí Victoria dúró. Òun ni ọba àkọ́kọ́ ní Róòmù tí ó fi ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn owó ara rẹ̀ láti sin ẹni tí ó wà ní ojú.

A kò gbọdọ̀ tìtorí èyí sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Ìránṣẹ́ ọba lásán kò ní iyì púpọ̀, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ kan ṣoṣo tí Ọba àwọn ọba ní ju gbogbo ọba yòókù lọ. Ìrẹ̀lẹ̀ náà pàápàá jẹ́ oríkì. Ní ọdún 695, wọ́n lé e kúrò lórí oyè, wọ́n gé imú rẹ̀, wọ́n sì rán an lọ sí ìgbèkùn. Leontius tí ó gba ipò rẹ̀ kò jáfara láti dá orí ọba padà sí ojú owó. Nígbà tí Justinian gba ìjọba padà ní ọdún 705, Kristi náà padà sí ojú owó rẹ̀ pẹ̀lú ìrísí mìíràn. Ṣùgbọ́n àwòrán ohun mímọ́ di ìjà ńlá lẹ́yìn náà, kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ lára owó títí ìjà yẹn fi parí ní ọdún 843.

Ìdáhùn kejì sí ìbéèrè kan náà wá láti ìta. Kálífà Abd al-Malik ní Damásíkù, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń ná owó wúrà Róòmù, kọ́kọ́ ya ara rẹ̀ sí ara owó. Ṣùgbọ́n ní ọdún 77 ti Híjírà, èyí tí í ṣe ọdún 696 sí 697, ó rọ dínárì tí kò ní àwòrán kankan. Ọ̀rọ̀ nípa ìṣọ̀kan Ọlọ́run ni ó gba ojú, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni ó gba ẹ̀yìn. Orí kálífà kò sí, orúkọ rẹ̀ pàápàá kò sí. Láti inú denarius àtijọ́ ni orúkọ dínárì ti wá, ṣùgbọ́n májẹ̀mú inú rẹ̀ ti yàtọ̀. Justinian bọ́ sí ẹ̀yìn owó. Abd al-Malik bọ́ kúrò nínú owó pátápátá. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ ààfin tí dínárì náà ti jáde.

Àwọn kan lè sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, a jẹ́ pé alágàbàgebè ni gbogbo àwọn ọba wọ̀nyí. Ìdájọ́ yẹn kò tọ́, nítorí pé ó tún jẹ́ ọ̀nà mìíràn láti ka owó bí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́. Owó kò lè sọ ohun tí ó wà nínú ọkàn Constantine fún wa, kò sì lè sọ bóyá omi bọ́ lójú Justinian nígbà tí ó ń gbàdúrà. Ohun tí ó lè sọ ni ohun tí ọba fẹ́ kí ọmọ ogun rò nípa àjọṣe òun àti ọ̀run. Àwọn àgbà ní bí kò sí ènìyàn, imalẹ̀ kò sí. Lára owó wúrà Róòmù, bí kò sí Késárì, òrìṣà kò sí.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi owó wọ̀nyí kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ẹ̀sìn, kí ó má ṣe béèrè lọ́wọ́ wọn nìkan pé òrìṣà wo ni èyí. Kí ó ní kí wọ́n yí owó náà padà, kí wọ́n wo ẹni tí ó wà ní apá kejì, kí wọ́n sì sọ ẹni tí ń ṣọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Ìbéèrè tí a bi nípa owó Tiberius ní Jerúsálẹ́mù kò tíì tán. Àwọn tí ó dáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà wo ojú owó nìkan. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó kù fún wa láti kà.